Ta Ló Sá Iṣu Sórí Sólà?

Orúkọ ọmọbìnrin náà ni Assiath. Ìlú Lougba ni ilé wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, Assiath jí kí àkùkọ tó kọ. Ó wẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wọ bàtà fúnra rẹ̀. Bàtà ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀ òsì, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ìyẹn?

Òní ni wọ́n ń lọ rí Màmá!

Màmá wà ní ọsibítù ní Bantè. Màmá ti bímọ. Ọmọ tuntun jòjòló! Gbogbo ènìyàn ló ń kí Assiath kú oríire. Assiath kò sì tíì rí ọmọ náà rí.

"Bàbá, ó yá! Ẹ jẹ́ ká lọ!"

"A máa lọ," ni Bàbá dáhùn. "Ṣùgbọ́n ebi ń pa alùpùpù."

Iṣẹ́ zémì ni Bàbá ń ṣe. Alùpùpù ló fi ń gbé ènìyàn láti Lougba lọ sí Bantè, láti Bantè lọ sí Gouka.

Alùpùpù àwọn zémì yòókù ń mu epo. Wọ́n ń pariwo: Bù-bù-bù-bù! Èéfín ń tú jáde nídìí wọn.

Alùpùpù Bàbá kì í mu epo. Iná mànàmáná ló ń mu. Bó bá ń lọ, fììììì ló ń ṣe, bí ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná.

Ṣùgbọ́n bí iná bá tán nínú bátìrì rẹ̀, kò ní ṣe fììììì mọ́. Kò ní ṣe nǹkan kan.

Iná sì ti tán.

"Ẹ jẹ́ ká tì í lọ sí Ilé Ṣáájì," ni Assiath wí. "Kíá!"

Ilé Ṣáájì kò jìnnà. Ilé kékeré kan ni, létí ọ̀nà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ni. Ibẹ̀ ni alùpùpù ti ń gba iná. Ibẹ̀ náà ni fóònù gbogbo Lougba ti ń gba iná.

Bàbá ń tì í níwájú. Assiath ń tì í lẹ́yìn. Wọ́n bá arúgbó kan pàdé.

Bàbá dúró. "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá! Ṣé ẹ jí dáadáa? Ara ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Oko ńkọ́?"

Assiath fa Bàbá láṣọ. "Bàbá!"

"Igi kajú ńkọ́? Ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Bàbá! Ewúrẹ́ wà! Mo rí i! Òun nìyẹn! Ẹ jẹ́ ká lọ!"

Háà! Ó sú Assiath.

Wọ́n dé Ilé Ṣáájì. Affissou ló ń tọ́jú ibẹ̀. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Kpó, kpó, kpó.

Affissou mú wáyà, ó fi í sí ara alùpùpù. Kí! Iná kékeré kan tàn lára àpótí.

Bí iná yẹn bá ní àwọ̀ ewé, a jẹ́ pé alùpùpù ti ń gba iná. Bó bá pupa, a jẹ́ pé kò gba nǹkan kan.

Pupa ni.

Affissou fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu wáyà. Fùù! Pupa ni.

Affissou gbá àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pà! Pà! Pupa ni.

Affissou bẹ àpótí. "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, dá mi lóhùn." Pupa ni o!

"Bó ṣe ń ṣe mí látàná nìyí," ni Affissou wí. "Mo pe àwọn tó kọ́ ọ, ní Savalou. Wọ́n ní kí n máa nu àwọn àwo sólà tó wà lẹ́yìn ilé. Mo sì nù wọ́n ní ìdájí! Wọ́n ń dán bí ẹyinjú!"

"Kò burú," ni Bàbá wí. Ó wá àga, ó jókòó. "Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù."

"Sùúrù?" ni Assiath wí. "Màmá ń retí wa!"

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan já dé. Tàńtí Falilatou ni. Ohùn rẹ̀ ti dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

"Affissou! Affissou! Fóònù mi ńkọ́?"

"Tàńtí, kò tíì kún."

"Kò tíì kún láti àná? Ṣé agbọ̀n lẹ fi ń pọn iná yín ni? Ọmọ mi ń pè mí láti Cotonou, fóònù kú fin-ín bí òkúta!"

"Tàńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù."

"Sùúrù bàbá ẹ ni!"

Bàbá kí Tàńtí, "Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Hakim. Ṣé ẹ jí dáadáa? Oko ńkọ́?"

Háà! Ó sú Assiath. Ó sú u, ó tún sú u.

Kò lè jókòó. Ó dìde. Ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé, kó lọ wo àwọn àwo sólà yẹn fúnra rẹ̀.

Assiath mọ iṣẹ́ àwo sólà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn dé, obìnrin kan láti Savalou wá sí ilé ìwé wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, oòrùn ni oúnjẹ àwọn àwo yìí. Wọ́n á jẹ oòrùn, wọ́n á sọ ọ́ di iná."

Àwọn ọmọ ilé ìwé gbọ́. Àwọn àgbà kò gbọ́. Oko ni àwọn àgbà wà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń wa iṣu.

Àwọn àwo náà tóbi. Wọ́n dúdú. Wọ́n tẹ́jú bíi tábìlì, orí ẹsẹ̀ irin ni wọ́n sì wà.

Assiath yọjú lẹ́yìn ilé. Ó la ẹnu. Ẹnu náà kò pa dé.

Àwo kò dúdú mọ́. Funfun ni!

Iṣu!

Iṣu tí wọ́n gé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Iṣu tí wọ́n bọ̀. Iṣu tí wọ́n fẹ́ fi ṣe èlùbọ́. Ó tò lọ bẹẹrẹ, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń yá oòrùn.

"Ta ló sá iṣu sórí sólà?" Assiath kígbe.

"Èmi ni," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀. Tàńtí Falilatou ni. "Ṣó dára? Ibẹ̀ gbóná dáadáa. Ibẹ̀ mọ́. Ewúrẹ́ kò sì lè dé ibẹ̀."

"Tàńtí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o kúrò! Kò jẹ́ kí iná wọlé!"

"Iṣu tèmi? Iṣu tó jókòó jẹ́ẹ́, tí kò bú ẹnikẹ́ni?" Tàńtí rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí! Díẹ̀ ni tèmi."

Assiath kúnlẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ó dáa, ó dáa," ni Tàńtí wí. Ó mú abọ́. Ó kó iṣu kúrò lórí àwo kan. Gbà, gbà, gbà.

Assiath sáré lọ sí iwájú ilé. Pa-ta-pa-ta-pa-ta!

"Ẹ̀gbọ́n Affissou, àwọ̀ wo ni iná yẹn ní báyìí?"

"Pupa," ni Affissou wí. Kpó. Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu.

Pupa kẹ̀?

Assiath sáré padà sẹ́yìn ilé. Pa-ta-pa-ta-pa-ta!

Ọkùnrin gíga kan dúró níbẹ̀. Nathanaël, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ni. Ó ti tẹ́ sùtánà rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ sórí àwo tí Tàńtí kó iṣu kúrò. Ó na apá ọ̀tún aṣọ náà. Ó na apá òsì aṣọ náà. Sùtánà náà dùbúlẹ̀ bí ẹni tó ń sùn.

"Ẹ̀gbọ́n Nathanaël!"

"Àbúrò mi, ẹ kú oríire ọmọ tuntun! Ọ̀la la ní ìsìn. Mo fẹ́ kó tètè gbẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò!"

"Aṣọ kan ṣoṣo? Díẹ̀ ni tèmi. Ti Tàńtí ni kí o wò."

"Ti èmi?" ni Tàńtí wí. "Aṣọ rẹ gùn ju òpópónà Savalou lọ!"

Nathanaël mí kanlẹ̀. Ó gbé sùtánà rẹ̀ kúrò.

Assiath sáré lọ síwájú. Pa-ta-pa-ta-pa-ta!

"Pupa," ni Affissou wí, kó tó bi í.

Assiath sáré padà sẹ́yìn. Pa-ta-pa-ta-pa-ta! Bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò dúró mú un.

Ẹ wá wò ó o! Ìyá Basirath ti dé. Ìyá Basirath jẹ́ arúgbó, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ilá ló kún igbá rẹ̀. Ó ń to ilá sí àyè tí sùtánà ti kúrò. Ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún.

Tàńtí Falilatou náà rí i pé àyè wà. Ó tún ti ń to iṣu rẹ̀ padà!

"Ìyá àgbà!" Assiath kígbe. "Ẹ̀yin náà?"

"Ọmọ mi, má bínú," ni Ìyá Basirath wí. "Díẹ̀ ni tèmi."

Díẹ̀! Díẹ̀! Díẹ̀!

Díẹ̀ Tàńtí, díẹ̀ Nathanaël, díẹ̀ Ìyá Basirath. Gbogbo díẹ̀ pàdé, wọ́n bo oòrùn lójú!

Bàbá gbọ́ ariwo. Ó yí wá sẹ́yìn ilé. Ó rí àwọn àgbà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ẹ̀ ń sinmi? Ìyá Basirath, ara ńkọ́? Iṣu ńkọ́?"

"BÀBÁ!"

Ohùn Assiath ga débi pé adìẹ fò sórí òrùlé.

"Bàbá, iṣu náà ni! Iṣu náà gan-an ni! Oòrùn ni sólà ń jẹ! Ẹ fi iṣu bò ó! Ẹ fi aṣọ bò ó! Ẹ fi ilá bò ó! Ebi ń pa sólà, ebi ń pa alùpùpù, fóònù Tàńtí kú! Màmá mi wà ní Bantè! Àbúrò mi wà ní Bantè! Mi ò tíì rí i rí! Ó sú mi! Ó sú mi! Ó SÚ MI!"

Assiath jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́. Ó bú sẹ́kún. "Hìn-ìn, hìn-ìn, hìn-ìn."



Tàńtí Falilatou wo iṣu. Ó wo oòrùn. Ó tún wo iṣu.

"Ẹ gbọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọlẹ̀. "Ṣé oòrùn ni nǹkan yìí ń jẹ?"

"Èmi rò pé inú àpótí Affissou ni iná wà," ni Nathanaël wí.

"Èmi rò pé tábìlì ni," ni Ìyá Basirath wí. "Mo ní, àwọn ará Savalou yìí mà ṣe dáadáa o, wọ́n rántí pé kò sí ibi tí a ó máa sá ilá."

Bàbá họrí. "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa."

"Wọ́n sọ fún wa nílé ìwé," ni Assiath wí. Ó ń fa ikun. "Ẹ̀yin ni ẹ kò bi wá."

Tàńtí Falilatou fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n ní èjìká. "Áà! Èmi tí mò ń bú Affissou látàná! Iṣu mi ló pa fóònù mi!"

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ó yá! Ẹ má dúró o! Gbogbo wa, lẹ́ẹ̀kan náà!"

Tàńtí kó iṣu. Gbà, gbà, gbà! Nathanaël bá a kó o. Ìyá Basirath ṣa ilá. Bàbá fi etí aṣọ rẹ̀ nu àwọn àwo. Fẹ́ẹ́rẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́.

Àwọn àwo tún di dúdú. Wọ́n ń dán. Wọ́n kọjú sí oòrùn.

Kò sẹ́ni tó mí.

Ní iwájú ilé, Affissou pariwo. "ÀWỌ̀ EWÉ! Ó ti di àwọ̀ ewé o! Alihamdulilahi! Ó ti ń wọlé!"

Ẹ̀pà rẹ̀ ti dà sílẹ̀. Àwọn adìẹ ti ń jẹ ẹ́.

Assiath fò sókè. Ṣùgbọ́n kí ló tún ń gbọ́ yìí?

Mèèèè!

Ewúrẹ́ kan ti dé. Ó wo abọ́ iṣu tó wà nílẹ̀. Ó lá ẹnu rẹ̀.

"Ẹ rí i?" ni Tàńtí wí. "Ẹ rí ìdí rẹ̀? Níbo ni kí n wá sá a sí? Bí mo bá sá a sílẹ̀, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Òrùlé ga jù fún mi. Orí àpáta jìnnà."

Tàńtí tún wo àwọn àwo sólà. Ó wò wọ́n bí ẹni tí ń wo ọ̀rẹ́ tó fẹ́ rìnrìn àjò.

"Rárá o!" ni Assiath wí. "Ẹ dúró ná. Ẹ dúró!"

Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Tàńtí fẹ́ ibi tó ga, tó mọ́, tí oòrùn wà.

Lábẹ́ igi kajú, àwọn pákó fífẹ̀ kan wà nílẹ̀. Àwọn ni wọ́n fi kan àpótí tí wọ́n fi kó sólà wá láti Savalou. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kọ́lé tán.

"Bàbá," ni Assiath wí, "ṣé ẹ lè gbé búlọ́ọ̀kù?"

"Èmi? Ọmọ yìí, ṣé o kò mọ bàbá rẹ ni?"

Bàbá to búlọ́ọ̀kù sí ibi tí oòrùn wà. Gbì! Gbì! Gbì! Nathanaël gbé pákó lé e lórí. Gbàgà! Ìyá Basirath tẹ́ ẹní tó mọ́ lé e.

"Ẹ gbé e ga sí i!" ni Assiath wí. "Ewúrẹ́ yẹn ń wò wá."

Wọ́n gbé e ga sí i.

Tàńtí to iṣu sórí rẹ̀. Ìyá Basirath to ilá sí igun kan. Nathanaël so okùn mọ́ igi méjì, ó sá sùtánà rẹ̀ sórí okùn náà. Atẹ́gùn fẹ́ sí sùtánà náà, ó ń jó.

Ewúrẹ́ fi ẹsẹ̀ iwájú gun búlọ́ọ̀kù. Ó na ọrùn. Ó na ahọ́n. Kò tó o.

Mèèèè, ni ewúrẹ́ wí. Ó sú òun náà.

Báyìí ó wá ku kí bátìrì kún.

Bátìrì kì í yára. Assiath mú ẹ̀ka igi kan. Ó dúró ti àwọn àwo sólà bí ọlọ́pàá.

Adìẹ kan fẹ́ bà lé àwo kan. "Ṣùùù!"

Ewé kajú kan já bọ́ sórí rẹ̀. Assiath mú un kúrò.

Alángbá kan gùn ún. Ó dúró sí àárín àwo. Ó mi orí, ó mi orí, bí ẹni fẹ́ sọ pé, "Díẹ̀ ni tèmi."

"O ò gbọdọ̀ sọ ọ́!" ni Assiath wí. "Bọ́ sílẹ̀!"

Alángbá bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí oòrùn kúrò ní àtàrí, Affissou yọjú. "Assiath! Ó ti kún!"

Tàńtí Falilatou náà gba fóònù rẹ̀. Ó ti ń sọ̀rọ̀ sí i. "Ọmọ mi! Gbọ́, gbọ́! Ohun tí ìyá rẹ fi iṣu ṣe!"

Bàbá gun alùpùpù. Assiath gùn ún lẹ́yìn rẹ̀. Ó di Bàbá mú gírígírí.

Fììììì!

Wọ́n kọjá lára àwọn igi kajú. Wọ́n kọjá lára àwọn ebè iṣu. Eruku pupa ń tẹ̀ lé wọn. Ènìyàn kan juwọ́ sí wọn létí ọ̀nà. Bàbá fẹ́ dúró kí i.

"Bàbá," ni Assiath wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ fi ọwọ́ kí i."

Bàbá juwọ́. Kò dúró.

Fììììì, títí dé Bantè.

Ní ọsibítù, Màmá jókòó lórí ibùsùn. Ó ti dirun. Ó ti ń wo ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí! Kí ló dé tí ẹ fi pẹ́ tó báyìí?"

Assiath la ẹnu láti sọ ọ́. Ó ro ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀ bí ìyá arúgbó. Hùùùù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ wá."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ṣí aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ náà.

Ojú kékeré. Imú kékeré. Ẹnu tó ń yán. Yááán!

Ọmọ náà la ojú kan. Ó wo Assiath. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún pa ojú dé.

"Màmá," Assiath sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó rí mi."

"Ó rí ẹ," ni Màmá wí.

Màmá sún fún un lórí ibùsùn. Assiath gun òkè, ó na ẹsẹ̀, wọ́n sì gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀.

Kò yára. Kò pariwo. Ó jókòó síbẹ̀, jẹ́ẹ́, títí ilẹ̀ fi ṣú.